Òjò àkọ́rọ̀ tó tan àwọn àgbẹ̀ abẹ́ wáyà jẹ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí ìrànlọ́wọ́ nígbà ọ̀dá

Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wà láàárín Kétu àti Àlápẹ́rẹ̀, lábẹ́ àwọn wáyà iná ńlá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ wọn, mi ò sì ní sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, torí àwọn kan lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn àgbẹ̀ náà sì ṣì ń dáko lórí ilẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣètò ìwé wọn, àkọsílẹ̀ owó wọn, àti lẹ́tà tí wọ́n bá fẹ́ kọ sí ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ́ fún, yálà ẹ wà ní káńṣù, ní ilé ìfowópamọ́ kéékèèké tàbí nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ tó bá dé lẹ́yìn tí àsìkò ìgbìn ti kọjá, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í dá àgbẹ̀ padà sóko.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò pé ọgọ́ta. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, opó sì wà lára wọn tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mélòó kan ló fi ń san owó iléèwé ọmọ. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti úgú ni wọ́n ń gbìn yípo ọdún. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi àgbàdo kún un, tútù ni wọ́n sì máa ń tà á fún àwọn tó ń sun àgbàdo létí títì. Tẹ̀tẹ̀ á tó fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àgbàdo tútù á gbà tó oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ọjà Mile 12 kò jìnnà sí wọn rárá. Láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn alájàpá á ti dé orí oko, wọ́n á máa ná ẹ̀fọ́ ní bẹ́ẹ̀dì-bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì fa tiwọn fúnra wọn.

Ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ìdílé kan ló ń gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn ju rìsíìtì tí wọ́n fi bírò kọ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a óò padà dé orí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Èkó mọ bí òjò ṣe ń rìn. Ó ń pọ̀ sí i láti Oṣù Kẹrin, á le jù ní Oṣù Kẹfà, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ, á tún padà ní Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Ìdáwọ́dúró Oṣù Kẹjọ kì í bá wọn lójijì. Èyí tó ń ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́ ni òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ní Oṣù Kẹta bí ẹni pé ó ti dé pátápátá, tó wá lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún. NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sọ ìgbà tí òjò tó ṣeé gbìn sí yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ ibi tí ọ̀dá lè ti já wọ àárín òjò. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó mú ìwé náà dé abẹ́ wáyà, kò sì sẹ́ni tó kà á fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Òjò rọ̀ dáadáa níbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, ó rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilẹ̀ mu yó. Wọ́n kọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbin àgbàdo, àwọn mìíràn yá owó ra irúgbìn ewédú àti úgú. Lẹ́yìn náà òjò dá. Àgbàdo ga dé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé rẹ̀ jọ lọ́sàn-án, á tún tú u ká lálẹ́. Nígbà tó yá, kò tú u ká mọ́ lálẹ́. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ń ra bẹntiróòlù lójoojúmọ́. Àwọn tí kò ní in ń fi garawa pọn ún láti inú kànga.

Obìnrin àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àìtó omi. Ó ju garawa sínú kànga, ó fà á sókè, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó sì gbé garawa náà sún mọ́ mi. "Tọ́ ọ wò, ọmọ mi." Omi iyọ̀ ni. Kò le tó ti òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi se ọbẹ̀ kò ní wá iyọ̀ púpọ̀. Ó mú mi dé ìdí ewédú tó bomi rin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, síbẹ̀ etí ewé ti jóná yíká, ó gbẹ, ó ń ya bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni àárín ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Lójú bẹ́ẹ̀dì, níbi tí oòrùn ti fa omi lọ, nǹkan funfun tín-ín-rín kan ti lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀.

Ohun tó fà á kò fara sin. Ọ̀sà Èkó àti òkun so pọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn tó ń ṣàn wọ ọ̀sà máa ń ti omi iyọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí odò bá fà, iyọ̀ á tẹ̀ síwájú. Bí òjò bá wá pẹ́ kó tó dé, tí àwọn èèyàn sì ń fa omi kànga láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, omi dídùn tó wà lókè á tán, èyí tó níyọ̀ lábẹ́ á gòkè. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń tiraka láti bomi rin oko tó ni oko túbọ̀ ń bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ran irú àgbẹ̀ yìí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí, torí ọ̀dá tó bá àgbẹ̀ etí ọ̀sà kò rí bákan náà pẹ̀lú ọ̀dá tó bá àgbẹ̀ Òkè-Ògùn.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ lọ sọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀. Mo rí ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oko wọn ti gbẹ, kí ìjọba gba àwọn. Kò sí orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kò sí ọjọ́ tí òjò rọ̀ kẹ́yìn, kò sí ohun tí wọ́n gbìn, kò sì sí ohun tí wọ́n ń bèèrè. Kánsẹ́lọ̀ náà ṣe ohun tí agbára rẹ̀ gbé: ó rí àpò ìrẹsì àti gàrí díẹ̀ gbà fún wọn nínú ohun tó wà nílẹ̀ fún pípín. Wọ́n fi kóńgò pín in, wọ́n dúpẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n dúpẹ́, torí ebi wà nílé àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í ṣe irúgbìn. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, oko ṣì wà bó ṣe wà.

Àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iná, ilé tó wó, omíyalé àti jàǹbá ọkọ̀ ni àwọn èèyàn ń pe nọ́ńbà wọ̀nyẹn sí. Òjò tí kò rọ̀ kì í dún, kì í rú èéfín. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá wo ìtàn, ọ̀dá ló bí ètò ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó jà ní apá àríwá ní 1972 sí 1973 ni wọ́n fi òfin dá àjọ NERA sílẹ̀ ní 1976, nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú ìlú Nàìjíríà. NEMA ló wá rọ́pò rẹ̀ ní 1999. Láti ìgbà náà wá, àgbàrá àti ìjà ló ń gba ọ̀pọ̀ àkókò irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dá kò sì ní ẹni tí yóò máa pariwo rẹ̀. Nílùú bí Èkó, ó tún burú sí i, torí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ka ilẹ̀ Kétu mọ́ ibi tí àgbẹ̀ ń gbé.

Ìgbà tí ìrànlọ́wọ́ kejì dé ni ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Nípasẹ̀ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan, orúkọ ẹgbẹ́ náà bọ́ sínú ìwé àwọn tí ọ́fíìsì ìjọba kan fẹ́ fún ní ajílẹ̀ òyìnbó. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ ní àárín Oṣù Kẹrin, nígbà tí ọ̀dá ń jó fòfò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ oko mọ̀ pé iyọ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá dà á sórí ilẹ̀ tó ti gbẹ, tí iyọ̀ sì ti gba ojú rẹ̀, gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn ni yóò jó. Àwọn àgbẹ̀ náà wò ó, wọ́n sì ṣèpàdé. Wọ́n tọ́jú àpò díẹ̀ de ìgbà òjò, wọ́n ta ìyókù fún àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà létí omi dídùn, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra omi táńkà fún úgú tó ṣì ní ẹ̀mí, wọ́n ra bẹntiróòlù, wọ́n sì fi díẹ̀ pamọ́ fún irúgbìn.

Ara àpò ajílẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò wà fún títà. Ọ̀rọ̀ dé ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ kan wá sí oko, ó sì bínú wá. Ó ní wọ́n ti ta ohun ìjọba, pé òun yóò yọ orúkọ wọn kúrò pátápátá, pé wọn kò tún ní rí nǹkan kan gbà mọ́. Mo wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin náà dákẹ́. Bàbá Alága ló dá a lóhùn, ó sì fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ yìí. Ẹ̀yin náà kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bó bá jẹ́ oko yín ni, ṣé ẹ ó da ajílẹ̀ sí i lónìí?"

Òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó sì dìde. Ohun tó bèèrè tẹ̀lé e ni pé níbo ni owó náà wà. Akápò wọn, obìnrin kan tó ń ta ata ní Mile 12 lọ́sàn-án, ṣí báàgì rẹ̀. Rìsíìtì omi táńkà wà níbẹ̀, ti bẹntiróòlù wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ra àpò kọ̀ọ̀kan àti iye tó san wà nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó gba omi. Kò sí náírà kan tó sọnù. Ọkùnrin yẹn jókòó sórí garawa, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ lé wa kọjá láàárín bẹ́ẹ̀dì, ìwé tirẹ̀ ló mú jáde, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nínú ìjábọ̀ tó kọ sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní ajílẹ̀ kọ́ ni ẹgbẹ́ yìí nílò, pé omi àti irúgbìn tó ń tètè gbó ni, kí òjò tó dé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà fún wọn lọ́dọ̀ ìjọba. Ó yẹ ká ro èyí dáadáa. Ìwé Akápò ló gbà wọ́n. Bí kò bá sí ìwé yẹn, òtítọ́ tí Bàbá Alága sọ kì bá tó. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì gbà pé ọkùnrin yẹn ṣe ohun tó nira fún òṣìṣẹ́ ìjọba: ó wá pẹ̀lú ẹ̀sùn, ó sì gbà kí ilẹ̀ fi ohun mìíràn hàn án.

Lákòókò kan náà, ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, èyí tó jẹ́ ti adójútòfò (ìnṣọ́ránsì). Mẹ́ta nínú wọn ló yá owó ní ilé ìfowópamọ́ kéékèèké kan kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Nígbà tí mo wo ìwé owó tí wọ́n yá, mo rí i pé wọ́n ti yọ owó adójútòfò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ìyókù lé wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n rò pé owó fọ́ọ̀mù ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀: láti Oṣù Kejìlá 1987 ni ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà, òfin 1993 sì sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró, NAIC. Lórí àwọn ohun ọ̀gbìn tí ètò náà kà sí, ìjọba àpapọ̀ ló ń san 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó yẹ kí àgbẹ̀ san, ìpínlẹ̀ ń san 12.5, àgbẹ̀ á san ìdajì tó kù. Ọ̀dá wà lára ohun tó ń dáàbò bo oko lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni náà ti wọ iṣẹ́ yìí báyìí. Mi ò sọ èyí tí ọ̀rọ̀ tiwa kàn.

Àdéhùn náà ní kí àgbẹ̀ tètè fi ìwé sọ pé òfò ti ṣẹlẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó wá yẹ òfò wò rí i lójú. A kọ lẹ́tà ní ọjọ́ tí mo rí ìwé náà. Ẹni tó máa wá yẹ oko wò kò tètè dé. Òjò ló kọ́kọ́ dé, ní ìparí Oṣù Kẹrin. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà ṣe ohun tí àgbẹ̀ gidi ń ṣe: wọ́n hú àgbàdo tó ti kú, wọ́n tún ilẹ̀ kọ, wọ́n gbin òmíràn kíákíá. Nígbà tí ẹni tó máa yẹ oko wò dé, bẹ́ẹ̀dì tútù ló bá. Ó bèèrè ọ̀dá dà.

Ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí kókó tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ilé tó jóná á ṣẹ́ eérú kù. Àgbàrá á fi àmì sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọ̀dá, ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa hú u dànù, ní ọjọ́ kejì òjò, torí bó bá dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, àsìkò ìgbìn á kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ètò ìrànlọ́wọ́ wa kò tíì ro èyí. Wọ́n ń bi àgbẹ̀ pé kó mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí yẹn sì ni ohun tó gbọ́dọ̀ pa rẹ́ kó lè padà jẹun.

Ẹnì kẹta ni obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ló fi bẹ́ẹ̀dì méjì sílẹ̀ láìhú, àgbàdo gbígbẹ dúró lórí wọn bó ṣe kú. Ó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó kọ gbogbo nǹkan sí: ọjọ́ tó gbìn, ibi tó ti ra irúgbìn àti iye rẹ̀, ẹni tó bá a kọ bẹ́ẹ̀dì àti ohun tó san fún un, ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí kò rọ̀. Wọ́n san owó fún Tíṣà. Kì í ṣe owó àgbàdo tó rò pé òun yóò tà. Ohun tó ti ná sórí oko títí di ọjọ́ òfò ni wọ́n ṣírò. Ó ya àwọn yòókù lẹ́nu pé owó náà kéré. Ẹ máa ṣàlàyé èyí fún àgbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, torí ẹni tó bá ń retí owó ìkórè, tó wá gba owó irúgbìn, á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nínú àwọn méjì tó kù, ọmọ ọ̀kan ti fi fóònù ya àwòrán oko nígbà tó gbẹ, ọjọ́ sì wà lára àwòrán náà. Wọ́n gbà á lẹ́yìn ọ̀pọ̀ lẹ́tà. Ẹnì kejì kò rí kọ́bọ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dá tó pa oko rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ó dùn mí títí dòní.

Ó wá ku gbèsè. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san owó padà ní ilé ìfowópamọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ kò sì mọ̀ pé òjò kò rọ̀. Àwọn alájàpá kan ti ń wá sóko pé àwọn máa san owó sílẹ̀ lórí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ní nǹkan bí ìdajì iye tí wọn ì bá tà á bó bá gbó. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Ewu ni àwọn náà ń rà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá tà á bẹ́ẹ̀ ti ta ìgbà òjò rẹ̀ tán kó tó yọ ewé. A lọ bá ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ náà, èmi, Akápò àti Bàbá Alága. A kò bẹ̀ ẹ́ pé kó fi gbèsè jì wọ́n. A mú ìwé tó fi hàn án ọjọ́ tí àgbàdo tuntun máa tó tà, a sì ní kí wọ́n máa san èlé nìkan títí di Oṣù Keje, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó gidi tí wọ́n yá nígbà yẹn. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní òun náà ní àwọn tí òun máa jíhìn fún. Lẹ́yìn náà ó gbà, ó sì fọwọ́ sí i.

Bí mo bá wo gbogbo ohun tó wọlé fún wọn lọ́dún yẹn, ìrẹsì, ajílẹ̀, owó adójútòfò, kò sí èyí tó dá èèyàn padà sóko tó ọjọ́ tí wọ́n sún síwájú yìí. Kò ná ilé ìfowópamọ́ náà ju sùúrù lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ta àgbàdo wọn sílẹ̀ kó tó gbó. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ètò ìjọba kí ẹ fi irú èyí sínú ètò yín: kí ìjọba dúró fún àgbẹ̀ lọ́wọ́ ayánilówó fún oṣù mẹ́ta. Kò gba ọkọ̀ akẹ́rù, kò gba ilé ìkẹ́rùsí, kò sì ṣeé jí kó lójú ọ̀nà.

Ó tún yẹ ká wo ẹni tí ìrànlọ́wọ́ ọ̀dá ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 2020 tí àgbàdo wọ́n, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó 30,000 tọ́ọ̀nù jáde nínú àká ìjọba fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Ó ran àwọn olósìn adìyẹ lọ́wọ́, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra àgbàdo ní ẹgbẹ́ ńlá tó lè sọ̀rọ̀ ní Àbújá. Ẹni tí àgbàdo kú mọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ wáyà kò ní in.

Àgbàdo kejì gbó, wọ́n sì tà á, àmọ́ iye rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà yẹn, torí àgbàdo gbogbo ìlú ti wọ ọjà pọ̀. Wọ́n san gbèsè. Àwọn kan kò padà sóko mọ́. Ọ̀kan ń ta omi inú ọ̀rá ní Ọ̀jọ́ta, ọ̀kan lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ṣágámù. Irúgbìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn kọ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ dé ní Oṣù Kẹfà, wọ́n sì rí i lò fún ẹ̀fọ́. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi kò dé títí di Oṣù Kẹwàá, nígbà tí odò Ògùn ti kún, tí wọ́n ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò (dáàmù) Ọ̀yán, tí omi sì ti bo àwọn bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò dá wọn padà, wọn kò sì tà wọ́n. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n gbẹ́ kànga kan ní apá òkè, jìnnà sí ọ̀sà, níbi tí omi ti dùn, wọ́n sì kó àwọn ẹ̀rọ náà pamọ́ síbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e ni wọ́n rí wọn lò. Mo sọ èyí torí ẹ̀yin tó ń pín nǹkan máa ń bèèrè bóyá kí ẹ dá ohun tó pẹ́ dúró. Bó bá jẹ́ ohun tí kì í bàjẹ́, ẹ gbé e wá, kí ẹ kàn sọ fún wọn pé ti ọ̀dá ọdún tó ń bọ̀ ni.

Nípa òjò fúnra rẹ̀, fọ́ọ̀mù kan tí a fẹ́ kọ bèèrè ẹ̀rí pé ọ̀dá jà. A kọ̀wé sí àwọn ará ojú ọjọ́ ní Òṣòdì fún àkọsílẹ̀ òjò. Ohun tó wà níbẹ̀ fi hàn pé òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò kán ní Àlápẹ́rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Èkó kò ní jiyàn. Òjò lè máa lu pátákó ní Òṣòdì kí oòrùn máa ràn ní Kétu. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù, àwọn àgbẹ̀ wa ń purọ́. Àwọn adójútòfò tí kì í wá wo oko, tó jẹ́ pé iye òjò ni wọ́n fi ń ṣírò owó, máa ń ṣàṣìṣe bẹ́ẹ̀ lórí àgbẹ̀. Látìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ra ìwọ̀n òjò oníke, wọ́n kàn án mọ́ igi níbi tí kò sí ohun tó ṣíji bò ó, Tíṣà sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Ìwé rẹ̀ kò lè rọ́pò ti Òṣòdì, ṣùgbọ́n a máa ń fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀, ẹni tó ń kà á sì lè fúnra rẹ̀ rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù. Gbogbo fọ́ọ̀mù ló ń bèèrè ìwé ilẹ̀, àwọn tó wà lábẹ́ wáyà kò sì ní in láé. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ lẹ́tà tó sọ ẹni tó ń dáko níbẹ̀, láìsọ ẹni tó nilẹ̀. Baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìyálọ́jà apá ẹlẹ́fọ̀ọ́ fọwọ́ sí i pé lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀fọ́ ti ń wá. A so rìsíìtì owó ọdọọdún mọ́ ọn, àti àwòrán ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ̀ àti nọ́ńbà àpamọ́ owó rẹ̀. Ọ́fíìsì méjì ti gbà á lọ́wọ́ wa, ọ̀kan ṣì ń kọ̀ ọ́. Oṣù Kìíní ọdọọdún ni a ń tún un ṣe, ká lè yọ ẹni tó ti lọ, ká sì fi ẹni tuntun kún un, kí ó ti wà nílẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ gbìyànjú lẹ́tà yìí, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó ń ra ọjà wọn wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè lórí fóònù ní ọ́fíìsì méjèèjì tó gbà á.